Ọjọ́ Tí Àwọn Ìyàwó Ṣọ́jà Tú Irun Wọn Lọ sí Command

Ọdún tó tẹ̀lé èyí tí ìjọba ológun fagi lé ìbò wa ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ epo ti daṣẹ́ sílẹ̀, epo bẹntiróòlù kò sí, àwa olùkọ́ náà kò sì sí nínú kíláàsì. Láti Ìyànà Ìpájà títí dé Ìkòtún, ẹsẹ̀ ni tolówó tòtòṣì fi ń rìn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń wá sọ́dọ̀ mi nígbàkígbà tí àyájọ́ ìbò náà bá yípo, táyà tí a dáná sun lẹ máa ń fẹ́ gbọ́, àti bí tajútajú ṣe bò wá lójú. Mo ti sọ ìyẹn títí ó fi sú mi. Kò sí irọ́ níbẹ̀, ó kàn rẹ̀ mí ni. Lónìí, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ẹ kì í béèrè, torí òun ni mo máa ń bá jí.

Èmi ni akọ̀wé àwọn obìnrin nínú ẹgbẹ́ olùkọ́ tiwa ní Alímọ̀ṣọ́ nígbà náà. Ọmọ Èkìtì ni mí, bí ọ̀pọ̀ nínú wa. Láyé ọjọ́un, bí ẹ bá ju òkò sínú ọgbà iléèwé èyíkéyìí ní Ẹ̀gbẹ́dá, ọmọ Èkìtì ni yóò bà, bí kò bá sì ba ọmọ Èkìtì, a jẹ́ pé ọmọ Oǹdó ló bà. Ilé tí mo háyà, yàrá kọjú síra ni. Ẹni tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi ni Ìyá Dípọ̀. Kọ́púrà ni ọkọ rẹ̀ nínú iṣẹ́ ológun. Kò rí yàrá gbà ní bárékè, ló ṣe kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wá sí àárín àwa ará ìta. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kì í bọ́ bàtà ológun wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹnu ọ̀nà níta ló ti ń bọ́ ọ, kó má baà dọ̀tí ibi tí ẹlòmíràn ti gbá.

Nígbà tó yá, wọ́n ní kó lọ sí Láìbéríà. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì dáyé lè má mọ̀: ìlú náà ti fọ́ nígbà náà. Olórí wọn ti kú, àwọn ọ̀gá ogun ti pín ilẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ọmọ tí kò tíì hu irun àgbọ̀n ń gbé ìbọn kiri. Àwọn orílẹ̀-èdè ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kó ọmọ ogun jọ láti lọ là wọ́n, tiwa ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ìdílé ṣọ́jà tó wà láàárín wa kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ ilé ìdáná lásán ni ogun yẹn jẹ́ fún wa. Nígbà tí Bàbá Dípọ̀ ń di ẹrù rẹ̀, mo dúró sí ẹnu ọ̀nà mo bi í léèrè.

Mo ní, "Bàbá Dípọ̀, kí ló kàn wá nínú ìjà àwọn ará Láìbéríà? Ilé tiwa yìí, ṣé ó ti tòrò ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tíṣà, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa ní òwe. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò bá sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru. Bí ibẹ̀ bá bàjẹ́ tán, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n máa sá wá, tìbọntìbọn."

"Àwọn tó ń jẹ kòkòrò nílé wa níbí ńkọ́? Ta ló máa sọ fún wọn?"

"Háà, Tíṣà, ẹ má fi mí sí wàhálà ẹgbẹ́ yín o, jàre. Ṣọ́jà ni mí. Wọ́n ní kí n lọ ni, mo ń lọ."

Ó lọ. Ìyá rẹ̀ wá láti Àkúrẹ́ láti bá ìyàwó rẹ̀ gbé, kí obìnrin náà má baà dá wà. Màmá Àkúrẹ́ ni gbogbo ilé ń pè é. Àgbà obìnrin tó rí fínnífínní ni, kì í jáde láìwé gèlè, kódà bó jẹ́ ẹ̀yìnkùlé ló fẹ́ lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọmọ rẹ̀ fi kásẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sílé lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń bọ̀. A ò ní tẹlifóònù, ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ a gbohùn sílẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì. Yàrá mi la ti gbọ́ ìkejì, torí rédíò tèmi ló dára jù. Lẹ́yìn tó kí ìyá rẹ̀, tó kí ìyàwó, tó kọrin díẹ̀ fún Dípọ̀, ó dárúkọ mi.

Ó ní, "Tíṣà, ẹ bi mí pé kí ló kàn wá. Ibi tí a wà yìí, iléèwé ni tẹ́lẹ̀. Àwọn bẹ́ǹṣì ti di igi ìdáná. Wọ́n ní ká gba ìbọn lọ́wọ́ àwọn ọmọ, à ń gbà á. Mo gba ti ọ̀kan lánàá, kò ga ju Dípọ̀ lọ. Ìgbà tí mo gbà á tán, ó kàn ń wo ọwọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ohun tí a máa fi sí ọwọ́ yẹn fún wa."

Lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì yẹn, a ò gbọ́ nǹkankan mọ́. Oṣù ń gorí oṣù. Àwọn tí wọ́n jọ lọ ń dé, wọn kì í yà sílé wa. Bí Ìyá Dípọ̀ bá pàdé ọ̀kan lójú ọ̀nà, onítọ̀hún á ní òun ń kánjú. Rédíò ń sọ lójoojúmọ́ pé àlàáfíà ti ń padà sí Láìbéríà, pé àwọn ọmọ ogun wa ń ṣe bẹbẹ. Wọn kò sọ pé ẹnikẹ́ni kú. Ẹ bá mi rò ó: ogun wo ni wọ́n jà tí ẹnikẹ́ni kò kú? Inú máa ń bí mi nígbà náà, ó ṣì ń bí mi. Ìjọba kan lè ní ìdí tó dáa láti rán ọmọ ọlọ́mọ lọ la ìjà. Èwo wá ni kí wọ́n máa fi ikú rẹ̀ pamọ́ fún ìyá tó bí i, nítorí kí ìròyìn lè dùn létí?

Ọ́fíìsì kékeré kan wà lẹ́bàá Command, àdúgbò àwọn ológun lọ́nà Ìpájà, tí wọ́n ní kí ìdílé àwọn ṣọ́jà máa lọ béèrè. Ìyá Dípọ̀ sọ ibẹ̀ di ilé. Ohun kan náà ni wọ́n ń sọ fún un: "Ẹ máa lọ sílé, Madam. Bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, a máa ránṣẹ́ sí yín." Orí bẹ́ǹṣì ọ́fíìsì yẹn ló ti pàdé àwọn obìnrin yòókù tí ọ̀rọ̀ wọn jọ tirẹ̀, láti Ìkòtún, láti Ìgàndó, láti Ìpájà. Ọ̀kan nínú wọn ni Sàfúrátù, télọ̀ ni ní Ìgàndó, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í pariwo. Nígbà tí bẹ́ǹṣì sú wọn, wọ́n ní kí n bá àwọn bá ẹgbẹ́ olùkọ́ sọ̀rọ̀, torí àwa la mọ bí wọ́n ṣe ń fẹ̀hónú hàn.

A pàdé nínú kíláàsì kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Alága wa wá. Kọ́múrédì là ń pè é, ọkùnrin tó nígboyà ni, àmọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, àfi kó sú ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ó dìde níwájú àwọn obìnrin wọ̀nyí tí wọ́n há sórí bẹ́ǹṣì ọmọdé.

Ó ní, "Ẹgbẹ́ wà lẹ́yìn yín digbí! Àmọ́ ẹ jẹ́ ká so ìjà yìí pọ̀. Ìjọba tó fi ìbọn da ìbò wa nù, òun náà ló ń rán ọkọ yín lọ kọ́ ìlú onílùú ní bí wọ́n ṣe ń dìbò. Ẹ wo ìwà àgàbàgebè! A máa gbé páálí: Ẹ dá ìbò wa padà, ẹ dá ọkọ wa padà."

Ìyá Dípọ̀ ní, "Kọ́múrédì, ẹ má bínú. Ìbò tí wọ́n jí, gbogbo wa la mọ ẹni tó jí i. Ọkọ mi, mi ò mọ ibi tó wà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wá tèmi ṣá."

"Ohun kan náà ni, arábìnrin mi! Ìjà kan náà ni!"

"Ó lè jẹ́ ìkan náà lójú yín. Ẹ̀yin ṣáà ń sùn ti ìyàwó yín."

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín, Kọ́múrédì náà rẹ́rìn-ín, ó jókòó. Òótọ́ ni ọkùnrin náà ń sọ o, títí di òní mo gbà pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń wá ọkọ kò lè gbé òótọ́ tó tóbi tó yẹn rù.

Ìyá Dípọ̀ wá sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ó ní bí àwọn bá gbé páálí, wọ́n á pe àwọn ní ọmọ ẹ̀yìn olóṣèlú, wọ́n á sì lu àwọn. Ó ní kí àwọn tú irun, kí àwọn ṣí orí sílẹ̀, kí àwọn lọ bí opó. "Bí wọ́n bá ní ọkọ wa ò kú, kí wọ́n gbé wọn jáde, kí wọ́n wá bá wa wí."

Ẹ̀yin tí ẹ ń dé irun títà sórí báyìí lè má mọ ìwọ̀n ọ̀rọ̀ yẹn. Obìnrin kì í tú irun sílẹ̀ láìdì í kó sì jáde gba títì, àfi bí ọkọ rẹ̀ bá kú. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọkọ wà láyé, ikú ló ń pè wá fún un. Obìnrin kan láti Ìpájà dìde, ó pọn ọmọ sẹ́yìn, ó ní òun ò ní fọwọ́ ara òun pa ọkọ òun, ó bá jáde lọ. Àwọn méjì-mẹ́ta tẹ̀lé e.

Sàfúrátù ló sọ̀rọ̀ tẹ̀lé e. Ó ní, "Àwa Mùsùlùmí, opó wa ò sí nínú irun, inú ọjọ́ ló wà. Oṣù mẹ́rin ó lé ọjọ́ mẹ́wàá. Àmọ́ ẹ sọ fún mi, ọjọ́ wo ni kí n bẹ̀rẹ̀ sí í kà? Mi ò kí ń ṣe ìyàwó, mi ò kí ń ṣe opó. Màá bá yín lọ. Màá bo ìbòrí mi, màá dúró láàárín yín." Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn.

Wàhálà tó wà nílé pọ̀ ju ti kíláàsì lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ lọ, Ìyá Dípọ̀ jókòó sórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń fi ṣóńṣó òòyà tú ṣùkú orí rẹ̀. Màmá Àkúrẹ́ jáde wá bá a. Èmi wà níbi tí mo ti ń ṣan àwo, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Màmá ní, "Kí lò ń ṣe yẹn?"

"Màmá, mo ti sọ fún yín lánàá."

"O sọ ọ́, mo rò pé inú ló ń bí ẹ. Dì í padà. Ọmọ mi ò kú."

"Ṣebí ẹ̀yin àgbà lẹ máa ń sọ pé 'ọmọ mi kú' yá ju 'ọmọ mi nù' lọ?"

Màmá fọwọ́ tún gèlè tirẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹni tó pa òwe yẹn, tirẹ̀ ò nù rí. Tí ó bá nù, mo ṣì lè máa ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ dè é. Ìwọ fẹ́ tì í mọ́ ọn lójú."

"Màmá, mò ń se oúnjẹ rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sunday. Mò ń dà á nù ní Monday. Ó ti rẹ̀ mí."

"Ó rẹ èmi náà. Tí o bá fi orí yẹn jáde nílé yìí, tí nǹkan bá ṣe ọmọ mi, ìwọ lo ṣe é."

Ìyá Dípọ̀ tún ti òòyà bọ irun. Ó tú èyí tó kù, ó dìde, ó sì jáde pẹ̀lú irun yẹn. Mo tẹ̀lé e pẹ̀lú gèlè mi lórí, torí ọkọ mi wà láyé, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

Ẹ̀gbẹ́dá la ti gbéra, a gba Ìyànà Ìpájà, a yà sọ́nà Command. A ti ṣàdéhùn pé a ò ní kọrin, a ò ní pariwo, a ò sì ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Bí àwọn èèyàn ṣe ń rí wa ni wọ́n ń dákẹ́. Àwọn tó ń kiri búrẹ́dì sọ igbá kalẹ̀. Bàbá kan ṣí fìlà. Yorùbá kò lè rí opó kó má kí i, nítorí náà láti ìdí afárá Ìyànà Ìpájà ni wọ́n ti ń kí wa: "Ẹ kú ìrọ́jú o." "Ọlọ́run á tù yín nínú o." Àwọn obìnrin náà kò dáhùn. Ìyá Dípọ̀ sọ fún mi lójú ọ̀nà pé bí òun bá dáhùn, òun ti gbà nìyẹn.

Nígbà tí a dé ẹnu géètì ọ́fíìsì yẹn, àwọn ṣọ́jà tó wà níbẹ̀ kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí wọ́n rí orí àwọn obìnrin dáadáa, wọ́n ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ọ̀kan wọlé lọ pe ọ̀gá. A dúró nínú oòrùn. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn wa, tí mo yíjú padà, mo rí Màmá Àkúrẹ́. Ó ti fi ẹsẹ̀ tẹ̀lé wa láti Ẹ̀gbẹ́dá. Ìró rẹ̀ wà ní ìdí, gèlè tirẹ̀ wà lórí gbọn-in, ó sì gbé gèlè mìíràn lọ́wọ́. Ó lọ tààrà bá ìyàwó ọmọ rẹ̀.

Ó ní, "Gba èyí, bo orí ẹ. O ti rìn dé ibi tó o fẹ́ dé. Mo bẹ̀ ẹ́."

Kí Ìyá Dípọ̀ tó dáhùn, ọ́físà kan jáde. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ọmọ Yorùbá, ó ń tiro díẹ̀. Ó fi ohùn iṣẹ́ béèrè ohun tí a fẹ́. Ìyá Dípọ̀ sún síwájú.

Ó ní, "Ọkọ mi ni mò ń wá. Kọ́púrà Ọlájídé. Láìbéríà lẹ rán an lọ. Ẹ sọ fún mi bóyá ó wà tàbí kò sí."

Ọmọkùnrin náà wo obìnrin náà, ó wá wo màmá tó gbé gèlè lọ́wọ́. Ó béèrè pé, "Ẹ̀yin lẹ bí i, Màmá?"

"Èmi ni."

Mo rí ọmọkùnrin náà bó ṣe ṣí fìlà ológun lórí. Ó lóṣòó síwájú arúgbó náà, ẹsẹ̀ kan kò tẹ̀ dáadáa. Ó ní, "Ẹ kú ìrọ́jú, Màmá."

Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ ohun tó sọ, ó yára dìde. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Màmá ní, "Kí lo wí?"

"Mo... mo kàn kí yín ni, Màmá. Mo rí i pé..."

"O rí kí ni? Gbogbo ayé ló kí ìyàwó mi bọ̀ láti Ìyànà Ìpájà, orí rẹ̀ ni wọ́n rí. Èmi, gèlè wà lórí mi. Mi ò ṣọ̀fọ̀ ẹnikẹ́ni. Kí lo rí lára mi tí o fi kí mi?"

Mo ti rí ọ̀pọ̀ ológun nínú ìjà wa, èyí tó nà wá, èyí tó tì wá mọ́lé. Ọmọ yẹn nìkan ni mo rí tí ẹ̀kọ́ ilé borí iṣẹ́ ológun lára rẹ̀. Ẹnìkan ti ń pè é nínú ilé, ohùn líle. Ó tẹ̀ mọ́ Màmá, ó sì sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "Ẹ má bínú, Màmá. Èmi àti ọmọ yín la jọ wà níbẹ̀."

Màmá Àkúrẹ́ kò pariwo. Ó gbé gèlè tó mú wá fún ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ nínú iyanrìn. Ó tú tirẹ̀ náà, ó tẹ́ ẹ sórí èyí tó wà nílẹ̀, ó wá jókòó lé e. Irun rẹ̀ funfun. N kò rí irun rẹ̀ rí títí di ọjọ́ yẹn. Ìyá Dípọ̀ kúnlẹ̀ ti í, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kàn án.

Ohun tó tẹ̀lé e ni mo máa ń bá jí. Bí ọmọkùnrin náà ṣe ń padà wọlé, àwọn obìnrin yòókù sáré bo géètì. Àwọn tí wọ́n ti di ẹnu pa láti Ẹ̀gbẹ́dá bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe orúkọ ọkọ wọn. "Sájẹ́ǹtì Ìdòwú ńkọ́? Èmi ni ìyàwó rẹ̀, kí èmi náà!" "Ọmọ dáadáa, wojú mi, kí mi!" Sàfúrátù tí kì í pariwo ti ki ọwọ́ bọ inú irin géètì dé èjìká. "Kí mi! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, kí mi!" Ẹ gbọ́ ohun tí mò ń wí. Ìgbà wo lẹ rí obìnrin tó ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n kí òun kú ìrọ́jú? Ọmọkùnrin náà wo ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n fà á wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn, àwọn ṣọ́jà sì fi ìdí ìbọn tì wá kúrò ní ẹnu ọ̀nà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn ológun wá sí ilé wa ní Ẹ̀gbẹ́dá pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́, wọ́n sọ fún Ìyá Dípọ̀ pé ọkọ rẹ̀ ti kú, pé akọni ni. Wọ́n ti sin ín sí ọ̀hún. Wọn kò sọ ibi tí wọ́n sin ín sí, wọn kò sì gbé nǹkan rẹ̀ kankan wá. Wọ́n sọ fún àwọn obìnrin díẹ̀ mìíràn náà, mo gbà pé tìtorí ọjọ́ yẹn ni. Àwọn tó kù, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé, pé àwọn á ránṣẹ́ sí wọn. A ò rí ọmọkùnrin ọ́físà yẹn mọ́. Àwọn kan ní wọ́n dá a padà sí Láìbéríà pẹ̀lú ẹsẹ̀ yẹn, àwọn kan ní wọ́n tì í mọ́lé. A ò tiẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àárín Màmá Àkúrẹ́ àti ìyàwó ọmọ rẹ̀ ṣòro. Ó pẹ́ kí arúgbó náà tó lè pe Ìyá Dípọ̀ lórúkọ. Ó sọ fún mi pé òun mọ̀ pé kì í ṣe irun ló pa ọmọ òun, pé ọmọ náà ti kú ṣáájú, àmọ́ pé orí òun ló mọ̀ ọ́n, ọkàn òun kò mọ̀ ọ́n. Ìgbà tó fẹ́ padà sí Àkúrẹ́, ó jókòó sórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé, ó ní kí Ìyá Dípọ̀ wá jókòó síwájú òun. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ dì í ní irun. Ó ní, "Tí o ò bá lọ, ṣebí títí di ìsinsìnyí là bá ṣì máa da oúnjẹ nù." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn sì ni ìdáríjì tó ní.

Ẹgbẹ́ wa náà fọ́nká. Wọ́n mú Kọ́múrédì, ó pẹ́ lẹ́wọ̀n, ó jáde tikọ́tikọ́. A padà sí kíláàsì láìrí ohun tí a torí rẹ̀ jáde. Ìbò tí wọ́n jí, wọn kò dá a padà. Olè jí i, ẹni tó ni ín sì kú, a wá ń ṣe àyájọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ máa ń bi mí bóyá ó yẹ kí a lọ sí Láìbéríà rárá. Mo ti yí i rò títí. Àwọn ará ibẹ̀ dìbò nígbẹ̀yìn, ó tún bàjẹ́, ó wá tún tòrò. Lọ́jọ́ kan mo rí ọmọ iléèwé wọn lórí tẹlifíṣàn, tí wọ́n wọ yunifọ́ọ̀mù, tí wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì tuntun. Mo sunkún bí ẹni pé iléèwé tèmi ni. Nítorí náà n kò ní sọ fún yín pé kí wọ́n má lọ. Ọ̀rọ̀ kòkòrò tí Bàbá Dípọ̀ sọ, ó ṣẹ. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó bá yá ọmọ wa láti fi tún ilé aládùúgbò ṣe, ó yẹ kó lè wo ojú wa kó sọ pé ó bọ́ lọ́wọ́ òun. Àwọn tiwa kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń wá ojúure gbogbo ayé nítorí ohun tí wọ́n ṣe ní ìta, wọ́n sì ń sá fún opó nínú ilé. Kò sí èyí tó ti yí padà nínú rẹ̀ lójú mi. Wọ́n ṣì ń rán ọmọ jáde, ìyá ṣì ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Níjọ́ sí, mo ń sọ̀kalẹ̀ lórí afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Ìyànà Ìpájà, ẹnìkan di ọwọ́ mi mú. Mo wo ojú rẹ̀ pẹ́. Sàfúrátù ni. Ó ti di àgbà, ìbòrí rẹ̀ funfun, ìgò wà lójú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ránṣẹ́ sí i títí di òní. Kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ opó rẹ̀. Àwọn èèyàn ń gbún wa léjìká kọjá, àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń pariwo nísàlẹ̀, mo sì la ẹnu láti kí i.

Yorùbá ní kíkí fún gbogbo nǹkan. Ẹni tó jókòó, a ń kí i. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ẹni tó bímọ, ẹni tí olè jà, ẹni tí òjò pa. Mo wá èyí tó jẹ́ tirẹ̀, mi ò rí i. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ẹnu yíyà.

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, kò fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, ẹ ò tiẹ̀ kí mi ni?"